Ẹsẹ̀ Tó Ń Tiro: Bí A Ṣe Ń Mọ Làkúrègbé Ẹṣin àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó, ibi ìgbéyàwó, ibi ìwúyè àti ibi ìsìnkú àgbà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń rí ẹṣin nítòsí. Wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi aṣọ aláràbarà bò ó, wọ́n á dì í ní gàárì, olóyè tàbí ọkọ ìyàwó á sì gùn ún gba orí títì ọlọ́dà kọjá láàárín ìlù àti ariwo. Ohun tí a kì í sábà rí ni òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ẹṣin náà bá kọ̀ láti tẹ ẹsẹ̀ kan mọ́lẹ̀ dáadáa, tí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ sì ń wá oògùn tí yóò fún un. Ìdáhùn tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí ẹnu àwọn ènìyàn ni pé làkúrègbé ni, pé kí ó fi òróró wọ́ ọ, tàbí kí ó ra abẹ́rẹ́ kan fún un. Mo kọ àlàyé yìí nítorí pé ìdáhùn yẹn yá jù. Àmì àìsàn ni ẹsẹ̀ títiro, oríṣiríṣi nǹkan ló sì lè fà á. Títí a ó fi mọ ojú ibi tí ìrora náà ti ń wá gan-an, oògùn yòówù tí a bá fún ẹṣin náà, inú òkùnkùn ni a ti fún un.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí oríkèé ṣe rí. Níbi tí eegun méjì bá ti pàdé, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa yí lára wọn, eegun rírọ̀ kan tó funfun tó sì ń dán ló bo orí eegun kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Àpò kan yí oríkèé náà ká, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú àpò yìí ló sì ń ṣe omi kan tó mọ́ kedere, tí àwọ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú díẹ̀, tí ó sì máa ń fà bí ọbẹ̀ ilá bí a bá fi ìka méjì yà á. Èròjà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní hyaluronic acid ló ń jẹ́ kí ó fà bẹ́ẹ̀. Eegun rírọ̀ tí mo wí yìí kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀, kò sì ní iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ. Ẹni tó bá fi èyí sọ́kàn, púpọ̀ nínú ohun tó ń rú àwọn ènìyàn lójú nípa àìsàn yìí yóò yé e. Nítorí pé kò ní iṣan ìrora, ó lè máa jẹ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí ẹṣin tó mọ̀ ọ́n lára; nítorí pé kò sì ní ẹ̀jẹ̀, bí ó bá ti jẹ tán, kì í hù padà bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí awọ inú àpò náà bá wú, tí omi inú rẹ̀ pọ̀ jù tí kò sì fà mọ́, tí eegun tó wà lábẹ́ eegun rírọ̀ sì ń gba ìnira tí kò yẹ kí ó gbà, ìgbà náà ni ìrora tó bẹ̀rẹ̀. Ara ẹṣin á wá máa hu eegun tuntun tó ṣe ṣóńṣó sí etí oríkèé náà, èyí tí a lè fi ọwọ́ kàn bí ó bá pẹ́.

Bí oríkèé ṣe ń jẹ díẹ̀díẹ̀ báyìí, láti inú iṣẹ́, ọjọ́ orí, ìfarapa àtijọ́ àti bí ẹsẹ̀ ẹṣin náà ṣe gún sí, ni oríṣi làkúrègbé tó wọ́pọ̀ jù lọ lára ẹṣin, òun náà sì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù. Ṣùgbọ́n oríṣi kan wà tí a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí wákàtí ni a fi ń ka àkókò tirẹ̀. Èyí ni oríkèé tí kòkòrò àrùn wọ̀. Ọgbẹ́ nítòsí oríkèé lè fà á, ìbáà jẹ́ ojú ìṣó kékeré lásán; abẹ́rẹ́ tí kò mọ́ tí wọ́n gún sínú oríkèé náà lè fà á. Bí ó bá di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta tí ẹṣin gba irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀, tí oríkèé náà wú tí ó sì gbóná, tí ẹṣin kò sì fẹ́ fi ẹsẹ̀ náà kan ilẹ̀ rárá, dókítà ẹran gbọ́dọ̀ rí i lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe dúró de ibà. Ooru ara ẹṣin tí ara rẹ̀ dá máa ń wà láàárín 37.5 sí 38.5 lórí ìwọ̀n Celsius, ẹṣin àgbà tí kòkòrò wọ oríkèé rẹ̀ sì lè má kọjá ibẹ̀. Dókítà yóò fá irun ojú ibẹ̀, yóò fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, yóò sì fi abẹ́rẹ́ fa omi inú oríkèé náà. Bí omi náà bá ti dàrú, tí ó ń ṣàn wọ̀ọ̀ láì fà, tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun inú rẹ̀ sì ju 30,000 lọ nínú máíkrólítà kan (ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìdá lítà kan), ọ̀rọ̀ kòkòrò ni. Wọ́n á fi ọ̀pọ̀ lítà omi oníyọ̀ tí kò ní kòkòrò kankan fọ inú oríkèé náà, wọ́n á sì fún un ní oògùn apakòkòrò sínú ẹ̀jẹ̀ àti sínú oríkèé fúnra rẹ̀. Ẹṣin tí wọ́n bá tọ́jú láàárín wákàtí 24 ló ní ìrètí jù lọ láti padà sí ipò rẹ̀.

Ọmọ ẹṣin tuntun wà nínú ewu yìí ju àgbà lọ, nítorí kòkòrò lè gba ìwọ́ rẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀, kí ó sì lọ fìdí kalẹ̀ sí oríkèé. Wàrà àkọ́kọ́ tí ó bá mu lára ìyá rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́fà sí méjìlá ni ààbò rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí 24, ìfun rẹ̀ kò lè gba ààbò náà mọ́. Nígbà tí ọmọ ẹṣin bá ń tiro, àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ pé ìyá rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí wọ́n tó gbà bẹ́ẹ̀, kí dókítà kọ́kọ́ fi àyẹ̀wò hàn pé kòkòrò kò sí níbẹ̀.

Ní ti oríkèé tó ń jẹ, kì í ṣe gbogbo oríkèé ló ń jẹ bákan náà. Ẹsẹ̀ iwájú ló ń gbé nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ìwọ̀n ara ẹṣin, ìdí nìyí tí ọrùn ẹsẹ̀ iwájú, oríkèé tó wà láàárín rẹ̀ àti pátákò, àti èyí tó fara sin sínú pátákò fi máa ń tètè jẹ lára ẹṣin tó ń rìn lórí ilẹ̀ líle. Ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, oríkèé ńlá tó ṣẹ́ kọdọrọ sẹ́yìn ní agbedeméjì ẹsẹ̀ ni ìyọnu pọ̀ sí jù. Ìsàlẹ̀ oríkèé yìí ní àwọn eegun pẹlẹbẹ kéékèèké tó tò léra wọn, àárín wọn kì í sì í yí púpọ̀. Ẹṣin tí wọ́n ń kọ́ láti jó, láti fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì dúró, tàbí láti yí bírí lójú kan níwájú ọba, ibẹ̀ ni gbogbo ìnira yẹn ń bọ́ sí. Ẹni tó bá ti wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde rí yóò mọ irú ijó tí mò ń wí, àwọn ẹlẹ́ṣin tó ń wá sí òde lọ́dọ̀ wa náà sì máa ń fẹ́ fi irú rẹ̀ hàn. Ijó ẹṣin wù mí láti wò. Síbẹ̀, ẹṣin tí wọ́n bá mú jó lórí ọ̀nà Ọba Adésidà láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n sì tún gbé lọ sí òde mìíràn lọ́jọ́ kejì, ń ná ohun tí owó òde méjèèjì kò lè rà padà fún un.

Àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin lójoojúmọ́. Dókítà yóò béèrè ìgbà tí títiro náà bẹ̀rẹ̀, bóyá lójijì ni tàbí díẹ̀díẹ̀, irú iṣẹ́ tí ẹṣin náà ń ṣe, àti irú ilẹ̀ tí ó ń dúró lé. Yóò béèrè bóyá ẹsẹ̀ náà máa ń le ní òwúrọ̀ tí ó sì máa ń tú díẹ̀ bí ẹṣin bá ti rìn fún ìgbà díẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni làkúrègbé sábà máa ń ṣe, pàápàá ní àsìkò ọyẹ́. Yóò tún béèrè oògùn tí wọ́n ti fún un. Ó ṣe pàtàkì kí a dáhùn ìbéèrè yìí ní òtítọ́, kí a má sì tijú, nítorí abẹ́rẹ́ ìrora tí wọ́n gún ní àná lè mú kí ẹṣin máa rìn dáadáa lónìí, kí dókítà má sì rí ohun tí ó wá wò.

Lẹ́yìn ìbéèrè ni ọwọ́. Yóò fi àtẹ́lẹwọ́ tọ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, yóò máa fi ti ọ̀tún wé ti òsì, yóò máa wá ooru, wíwú, eegun tó yọ àti ibi tí ẹṣin kò fẹ́ kí a tẹ̀. Yóò gbé pátákò sókè, yóò fi ẹ̀mú ńlá kan fún un yíká láti mọ̀ bóyá inú pátákò ni ìrora wà. Nígbà náà ni yóò ní kí wọ́n mú ẹṣin náà sáré díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀ líle tó tẹ́jú, ní ìlà tó tọ́, kí ẹni tó dì í mú fi okùn sílẹ̀ díẹ̀ kí orí ẹṣin lè ṣe bí ó ti wù ú.

Orí yẹn ni a ń wò. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ iwájú ló ń dùn ún, ẹṣin máa ń gbé orí sókè nígbà tí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún bá kan ilẹ̀, a sì máa rẹ orí sílẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ tó dá bá kan ilẹ̀, nítorí pé ó ń sá fún kí ìwúwo orí rẹ̀ bọ́ sórí ibi tó ń dùn ún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹsẹ̀ tí ẹṣin bá rẹ orí sí ni ó ń dùn ún, wọ́n á sì máa fi òróró wọ́ ẹsẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni, a ó dúró sẹ́yìn ẹṣin, a ó máa wo ìbàdí rẹ̀ méjèèjì. Èyí tó ń lọ sókè sódò ju èkejì lọ ni kí a fura sí. Àwọn dókítà ẹṣin ní Amẹ́ríkà ní òṣùwọ̀n kan láti 0 dé 5 tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò: 0 ni ẹṣin tí kò tiro rárá, 3 ni èyí tí a ń rí títiro rẹ̀ nígbà gbogbo tí ó bá ń sáré díẹ̀díẹ̀, 4 ni èyí tó hàn gbangba bí ó tilẹ̀ ń rìn jẹ́jẹ́, 5 sì ni èyí tí kò fẹ́ fi ẹsẹ̀ náà gbé ara rẹ̀. Nọ́ńbà yìí wúlò nítorí pé bí dókítà bá kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí, ó lè fi wé ti oṣù tó ń bọ̀, kì í ṣe kí ẹnì kan máa sọ pé ó jọ pé ó ti ń sàn.

Dókítà tún lè ká oríkèé kan, kí ó dì í mú bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà kí ẹṣin sáré lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí títiro bá pọ̀ sí i, ó ti ní ibi tí yóò fura sí. Àmọ́ ìfura lásán ni, nítorí ẹṣin tí kò ní àìsàn kankan náà lè tiro ní ìṣísẹ̀ mélòó kan bí a bá ká ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́ tàbí tí a fi agbára ká a.

Abẹ́rẹ́ tó ń mú ara kú ló ń sọ ìfura di ìmọ̀, ìgbésẹ̀ yìí sì ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní ẹṣin mọ̀, nítorí òun ni wọ́n sábà máa ń fò. Ẹṣin kò lè sọ ibi tó ń dùn ún. Nítorí náà dókítà yóò mú apá kan ẹsẹ̀ kú fún ìgbà díẹ̀, yóò dúró fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, yóò sì tún ní kí ẹṣin sáré. Láti ìsàlẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, nítòsí pátákò, nítorí bí ó bá mú òkè kú lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ti kú pẹ̀lú, kò sì ní mọ èwo ni èwo. Bí ó bá mú pátákò kú tí ẹṣin ṣì ń tiro, yóò gòkè sí ọrùn ẹsẹ̀. Bí ó bá mú ọrùn ẹsẹ̀ kú tí ẹṣin sì sáré geere, ọwọ́ ti ba ibi tí ìrora wà. Ó lè wá gún abẹ́rẹ́ kan náà sínú oríkèé tí ó fura sí gan-an láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Iṣẹ́ yìí lè gba odidi òwúrọ̀ kan, ẹni tó ni ẹṣin sì lè máa wò ó pé wọ́n kàn ń gún ẹran òun lásán. Kí ó ní sùúrù, nítorí ibẹ̀ ni owó oògùn tí yóò ná lẹ́yìn náà yóò ti ní ìtumọ̀.

Ìgbà náà ni X-ray kàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń retí lọ́wọ́ X-ray ju ohun tó lè ṣe lọ. Eegun líle ni ó ń fi hàn; eegun rírọ̀ tó ń jẹ gan-an kì í hàn nínú rẹ̀. Ohun tí dókítà ń rí ni àpẹẹrẹ ohun tó ti ṣẹlẹ̀: àlàfo àárín eegun méjì tó ti dín kù, eegun ṣóńṣó tó hù sí etí oríkèé, àti eegun abẹ́ oríkèé tó ti ki jù. Nítorí náà, X-ray ẹṣin tí làkúrègbé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè mọ́ lóló, bẹ́ẹ̀ ni ti ẹṣin àgbà tó ń rìn geere lè kún fún eegun ṣóńṣó tí kò dùn ún rárá. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí X-ray láì tíì mọ oríkèé tó ń dun ẹṣin lè tọ́jú àwòrán, kí ó sì fi ẹṣin sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún náà wúlò fún wíwo iṣan àti àpò oríkèé.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọ̀pọ̀ ẹṣin tí wọ́n ní làkúrègbé ń dà láàmú, nǹkan mìíràn ni ó ní. Ọyún tó gbára jọ sínú pátákò lè mú kí ẹṣin tó rìn dáadáa lálẹ́ àná má lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ ní òwúrọ̀ yìí. Bí dókítà bá gbẹ́ ojú ibẹ̀ tí ọyún náà sì jáde, ìtura á dé kíákíá. Ìṣó ẹ̀bá ọ̀nà wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé káàkiri, ẹṣin sì wà lára àwọn ẹran tí tetanus, àrùn tó ń gba ojú ọgbẹ́ wọlé, ń tètè pa, nítorí náà kí abẹ́rẹ́ àjẹsára tetanus má ṣe wọ́n ọn. Iṣan tó fà ya lẹ́yìn ẹsẹ̀ ń wú, ó sì ń gbóná, ṣùgbọ́n àárín oríkèé méjì ni wíwú náà máa ń wà. Ẹṣin tó sì ń gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì síwájú, tó ń fi ìwúwo rẹ̀ sẹ́yìn, tí pátákò rẹ̀ gbóná, kí a fura sí àìsàn tí ń tú eegun pátákò kúrò lára èèpo rẹ̀. Pàjáwìrì ni òun náà.

Fún àwa tí a ń gbé nínú igbó ìhà gúúsù, mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un. Eṣinṣin tsetse wà nínú igbó wa, ó sì wà lára ohun tó dí àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ lọ́wọ́ láyé àtijọ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ wọ inú igbó. Láti òkè Ọya ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀ nínú ẹṣin tí a ń rí níhìn-ín wá, púpọ̀ nínú wọn kò sì lè dúró ti àrùn tí eṣinṣin náà ń gbé kiri. Ibà á máa wá á máa lọ, ẹ̀jẹ̀ á gbẹ, ara á rù, ẹsẹ̀ àti abẹ́ ikùn á wú, ẹṣin á sì máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wú tí ẹṣin sì ń rù, ẹ̀jẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbà lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Làkúrègbé kì í mú kí ẹ̀jẹ̀ gbẹ.

Ó kan ìtọ́jú wàyí. Kò sí oògùn kankan, bó ti wù kí ó wọ́n tó, tó ń dá eegun rírọ̀ tó ti jẹ tán padà sí ipò rẹ̀. Ohun tí ìtọ́jú lè ṣe ni kí ó pa wíwú inú oríkèé, kí ó dín ìrora kù, kí ó fa bí oríkèé ṣe ń jẹ sẹ́yìn, kí ẹṣin sì lè máa gbé ìgbé ayé tó dára. Ẹni tó bá ṣèlérí ju èyí lọ, kí a ṣọ́ra fún un.

Oògùn ìrora tó wọ́pọ̀ jù fún ẹṣin ni phenylbutazone. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sì wọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàárín ìwọ̀n tó ń woni àti ìwọ̀n tó ń pani lára kò fẹ̀. Mílígíráàmù 2.2 sí 4.4 fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan ni ìwọ̀n tí àwọn dókítà ń lò, nítorí náà ẹni tó bá fi ojú díwọ̀n ìwúwo ẹṣin lè ṣe é ní ibi. Kò sí òṣùwọ̀n ńlá ní ọ̀pọ̀ ilé ẹṣin, àmọ́ téèpù aránṣọ wà. Ẹ fi wọn àyà ẹṣin yíká lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, ẹ wọn gígùn rẹ̀ láti ṣóńṣó èjìká dé ìdí, ní sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi yíyíká àyà lọ́po ara rẹ̀, ẹ fi gígùn lọ́po èyí tó bá jáde, kí ẹ sì fi 11,880 pín in. Ẹṣin tí àyà rẹ̀ jẹ́ 160, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 145, yóò wọn nǹkan bí kìlógíráàmù 312. Ọ̀pọ̀ ìwé oògùn tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá ń ṣe àpẹẹrẹ fún ẹṣin kìlógíráàmù 500, ẹṣin tiwa kì í sì í sábà tó bẹ́ẹ̀.

Bí oògùn yìí bá pọ̀ jù tàbí tí ó pẹ́ jù lára, ó ń dá ọgbẹ́ sí inú ikùn àti ìfun, ó sì ń ba kídìnrín jẹ́, pàápàá bí ẹṣin kò bá mu omi tó. A kò gbọ́dọ̀ pa á pọ̀ mọ́ oògùn ìrora mìíràn tó jọ ọ́, bíi flunixin, pẹ̀lú èrò pé méjì yóò ṣe ju ọ̀kan lọ. Èyí tó jẹ́ abẹ́rẹ́, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó gbọ́dọ̀ lọ. Bí ó bá bọ́ sí ẹran ara tàbí abẹ́ awọ, ibẹ̀ lè jẹrà. Ẹṣin tí wọ́n bá sì ti fún ní phenylbutazone kò yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ alápatà láéláé, nítorí oògùn náà lè ba ibi tí ara ènìyàn ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń ta ẹṣin tó ti dàgbà fún pípa, ìdí sì nìyí tí mi ò fi lè fò ó.

Bí ó bá jẹ́ pé oríkèé kan tàbí méjì ni ọ̀rọ̀ náà wà, tí a sì ti fi abẹ́rẹ́ mọ̀ ọ́n, dókítà lè gún oògùn sínú oríkèé náà fúnra rẹ̀. Steroid ni wọ́n ń lò jù, nítorí pé kò sí ohun tó ń pa wíwú bí i tirẹ̀. Nínú àwọn steroid, triamcinolone rọ eegun rírọ̀ lọ́rùn ju methylprednisolone lọ, èyí tó lè túbọ̀ ba oríkèé tó ń yí púpọ̀ jẹ́ bí wọ́n bá ń gún un léraléra. Wọ́n lè pa steroid pọ̀ mọ́ hyaluronic acid, láti dá omi oríkèé padà sí bó ṣe yẹ kí ó máa fà. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà, ẹṣin gbọ́dọ̀ sinmi fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó sì padà sí iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àṣìlò rẹ̀ tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni kí wọ́n gún un lọ́jọ́ tó ṣáájú òde kí ẹṣin lè jó, kí ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora mọ́ sì máa fọ́ ara rẹ̀ lórí ọ̀dà. Steroid tún lè fa àìsàn tí ń tú eegun pátákò kúrò, tí mo sọ lókè, pàápàá lára ẹṣin tó sanra jù. Ẹni tí kì í ṣe dókítà kò sì gbọ́dọ̀ ti abẹ́rẹ́ bọ oríkèé ẹṣin, nítorí kòkòrò tí abẹ́rẹ́ náà bá gbé wọlé burú ju làkúrègbé tí ó fẹ́ wò lọ.

Oògùn kan tún wà tí wọ́n ń gún sí ẹran ara láti ran eegun rírọ̀ lọ́wọ́, èyí tí wọ́n fi glycosaminoglycan, èròjà kan tó wà nínú eegun rírọ̀, ṣe: mílígíráàmù 500 ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin, ní ìgbà méje. Ó wúlò jù bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ ẹṣin, bíi glucosamine, wọ́n lówó, ẹ̀rí pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ kò sì lágbára. Bí owó kò bá tó nǹkan, ẹ lò ó fún gígé pátákò.

Ohun kan wà tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Àwọn oríkèé pẹlẹbẹ ìsàlẹ̀ oríkèé ńlá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, tí mo ní wọn kì í yí púpọ̀, lè so pọ̀ di eegun kan ṣoṣo bí àìsàn náà bá gbó, ìrora á sì tán, nítorí kò sí ohun tó ń ha ohun mọ́. Ẹṣin lè padà sí iṣẹ́ jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà tilẹ̀ máa ń fi iṣẹ́ abẹ so wọ́n pọ̀ nígbà mìíràn, wọ́n sì ń ṣe irú rẹ̀ sí oríkèé tó wà láàárín ọrùn ẹsẹ̀ àti pátákò. Ọrùn ẹsẹ̀ àti orúnkún iwájú kò ní irú oríire yìí. Bí wọ́n bá gan, ẹṣin kò lè ṣiṣẹ́ gígùn mọ́.

Lẹ́yìn gbogbo oògùn, ohun tí ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin ń ṣe lójoojúmọ́ ló tóbi jù. Ẹṣin tó ní làkúrègbé tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ní okùn kúkúrú ní gbogbo ọjọ́ yóò gan sí i. Kí ó ní àyè láti máa rìn fúnra rẹ̀. Kí wọ́n fi rìn jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n tó fi ṣe iṣẹ́ kankan, kí wọ́n sì yan ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó rọ̀ dípò àárín títì bí ààyè bá wà. Kí wọ́n gé pátákò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ mẹ́jọ, nítorí pátákò tó gùn síwájú ń fa gbogbo oríkèé tó wà lókè rẹ̀. Kí ẹṣin má sanra: ó yẹ kí ọwọ́ wa máa kan egungun ìhà rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́ púpọ̀, kí ojú wa má sì rí wọn.

Dókítà tó mọ ẹṣin kò pọ̀ ní agbègbè wa. Ẹ̀ka tó ń rí sí ìlera ẹran lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Àkúrẹ́, wọ́n sì lè júwe dókítà tó ní ìwé àṣẹ Veterinary Council of Nigeria. Fún X-ray àti iṣẹ́ abẹ, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko sì wà ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Abẹ́òkúta àti ní Yunifásítì Ìlọrin. Kí a tó kó ẹṣin tó ń tiro sínú ọkọ̀ fún irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀ níbi tó ti ń sáré díẹ̀díẹ̀, láti iwájú, láti ẹ̀yìn àti láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí dókítà náà lórí WhatsApp. Ó lè sọ bóyá ó yẹ kí a gbé ẹṣin wá, tàbí pé àwòrán pátákò nìkan ló fẹ́ rí sí i.

Ẹṣin lè gbé ayé fún ọdún 25 sí 30, èyí tó bá sì ní làkúrègbé ní ọmọ ọdún méjìlá lè ṣì ní ọdún púpọ̀ níwájú, bí wọ́n bá yí iṣẹ́ rẹ̀ padà: ọmọdé ni kí ó máa gbé dípò àgbàlagbà, kí ó máa rìn dípò kí ó máa jó. Nígbà tí oògùn kò bá ràn án mọ́, tí ó bá dùbúlẹ̀ tí kò lè dìde fúnra rẹ̀, tí kò jẹun mọ́, tí ó sì ń rù, ojúṣe wa ni kí a pe dókítà kí ó fi abẹ́rẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀ láìsí ìrora. Oògùn tí wọ́n ń lò fún èyí máa ń wà nínú òkú náà, ó sì ń pa ajá àti igún tó bá jẹ nínú rẹ̀, nítorí náà kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ jìn, jìnnà sí kànga àti odò, kí wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà.